Bí a ṣe ta ilé Màámi ní Ìpájà, tí a sì gba ilé míì ní Ìbàdàn kí ọjọ́ tó pé

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni Màámi pe àwa ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ta ilé Ìpájà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, àbúrò wọn tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àkóbọ̀ sì wà ní Ìbàdàn, tó ń bẹ̀ wọ́n látọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n wá sí ìtòsí òun. Èrò wọn ni pé kí a ta ilé, kí a mú díẹ̀ nínú owó náà gba ilé kékeré kan ní Àkóbọ̀, kí ìyókù wà nílẹ̀ di ìgbà tí a bá rí ilẹ̀ tó dára, kí a kọ́ yàrá méjì péré sí i.

Mo rò pé iye owó ni a ó máa jà lé lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ló dà wá láàmú: ọjọ́ tí Màámi yóò kó jáde, ọjọ́ tí owó yóò wọlé, ọjọ́ tí ilé Ìbàdàn yóò ṣeé wọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni a fi lé ọjọ́ mẹ́ta yìí kí wọ́n tó bára wọn mu. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà lẹ́nu irú ẹ̀ báyìí.

Ilé náà kò tóbi. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀, àti míní fúláàtì kan lẹ́yìn, lórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì. Màámi fúnra wọn ló yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, tí wọ́n fi ra ilẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ wọn nìkan ló wà lórí C of O, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí ẹni tó ni ilẹ̀. Èyí yọ wá nínú wàhálà kan, torí ilé tó bá jẹ́ ti ẹbí, bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títà rẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níwájú adájọ́.

Ẹnì kan ló wà nínú míní fúláàtì náà, Bàbá Télọ̀, òun àti ìyàwó pẹ̀lú ọmọ méjì. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó ilé, èyí tí wọ́n san kẹ́yìn sì máa parí ní ọjọ́ 31 oṣù keje. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé láti máa gbé inú rẹ̀ kò ní fẹ́ bá ayálégbé níbẹ̀. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sì sọ pé ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, tí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé oṣù mẹ́fà kó tó jáde. Ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ni lọ́yà wa kọ ìwé náà. Màámi kò jẹ́ kí a fi rán akọ̀wé lọ́yà. Àwọn fúnra wọn ló mú un lọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ní, “Bàbá Télọ̀, mo fẹ́ ta ilé, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ níta.” Ọkùnrin náà wo ìwé náà títí, ó pa á, ó fi sábẹ́ aṣọ tó ń rán lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ ṣé, Mà. Oṣù mẹ́fà kì í ṣe kékeré.” Ohun tó sọ yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, torí kò pẹ́ tí àwa náà fi ń wá oṣù mẹ́fà kiri.

Ìparí oṣù kejì ni éjẹ́ǹtì mú ẹni àkọ́kọ́ wá. Ọkùnrin náà wo ilé lẹ́ẹ̀mejì, ó dúnàádúrà, a fẹnu kò sí mílíọ̀nù 38 náírà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló máa fi owó ránṣẹ́. Ó ní láàárín oṣù kan ni òun yóò san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí Màámi bá lè kó jáde lójú ẹsẹ̀. Ní ti Bàbá Télọ̀, ẹni tó fẹ́ ra ilé gbà láti fara dà á di oṣù keje. Éjẹ́ǹtì wá ń pe ojoojúmọ́: ẹ ti rí ilé tí ẹ ń lọ? Ẹ má jẹ́ kí owó bọ́ lọ́wọ́ yín o.

Ìgbà yẹn ni a ṣe àṣìṣe tó náwó jù nínú gbogbo ọ̀ràn náà. A dá owó jọ. Àbúrò mi obìnrin yá tirẹ̀ níbi iṣẹ́, ìkejì fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Manchester, èmi náà mú tèmi wá, a sì gba ilé yàrá méjì kan ní Ológunẹ̀rú, ní Ìbàdàn. Owó ilé ọdún kan jẹ́ 500,000 náírà, ti éjẹ́ǹtì 50,000, ti àgíríméǹtì 50,000, owó kọ́ṣọ̀n, tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, 50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 650,000. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ni a san án. Ẹni tó fẹ́ ra ilé kò tíì san kọ́bọ̀. Kò sí ìwé kankan tí òun àti Màámi jọ fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, pẹ̀lú àwòrán kan tó fi hàn wá lórí fóònù pé owó wà nínú àkáǹtì ẹ̀gbọ́n òun.

Owó náà wà lóòótọ́, dọ́là ni ṣá. Ní oṣù kejì tí a dúnàádúrà, dọ́là kan lé ní 1,500 náírà, ilé wa sì tó nǹkan bí 25,000 dọ́là lójú ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ní àárín oṣù kẹrin, náírà ti gbé orí sókè, dọ́là kan ti já sí nǹkan bí 1,100. Mílíọ̀nù 38 kan náà ti wá di 34,000 dọ́là ó lé. A kò fi kọ́bọ̀ kan lé e, síbẹ̀ ilé náà ti wọ́n sí i lójú ẹni tó ń san owó. Ẹ̀gbọ́n náà ní kí àbúrò òun ní sùúrù di ìgbà tí dọ́là yóò tún gòkè. Ọkùnrin náà wá bẹ Màámi, ó kúnlẹ̀, mi ò sì lè sọ pé oníjìbìtì ni. Àmọ́ ilé Ológunẹ̀rú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Manchester ní kí Màámi máa lọ sí Ìbàdàn, kí a ti ilẹ̀kùn Ìpájà pa, ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò bá a níbẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tó ń gbé Èkó mọ̀ pé kì í ṣe lásán ni wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ilé tí wọ́n mọ̀ pé ó wà ní títà, tí ẹni tó ni ín kò sí nílé, kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi gba owó lórí rẹ̀. Màámi dúró. Ọmọ Màmá Àkóbọ̀ ń lọ sùn ní Ológunẹ̀rú lópin ọ̀sẹ̀, kó lè dà bíi pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Òun ló pè mí lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà. “Bọ̀dá, omi ti wọ yàrá o.” Mo lọ ní ọjọ́ kejì. Omi ti fà, ó ti fi ẹrẹ̀ pupa sílẹ̀ lórí táìlì. Mo tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fi èékánná họ ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn ún. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà pupa kan wà tó lọ gbọọrọ yí yàrá ká, bí ẹni fi rúlà fà á, ó ga kúrò nílẹ̀. Omi òní kọ́ ni omi àkọ́kọ́. Oṣù kẹrin tí a wo ilé náà, òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ gbẹ, ọ̀dà ń dán, kò sì sẹ́ni tó ronú láti bèèrè ibi tí odò gbà kọjá. Màmá Àkóbọ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo wó afárá, tó wó ilé, tó sì gba ẹ̀mí ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ò ní sùn níbẹ̀.”

A bá onílé sọ̀rọ̀. Ìgbà tó rí ayálégbé tuntun ní oṣù kẹjọ, ó dá 250,000 padà fún wa nínú owó ilé. Kọ́ṣọ̀n, ó ní òun ti fi tún ilé ṣe. Owó éjẹ́ǹtì àti ti àgíríméǹtì kò padà wá. Òógùn àwọn ọmọ ni 400,000 tó lọ yẹn, ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ìparí oṣù keje kò rọrùn fún Bàbá Télọ̀ náà. Ibi tó bá dé, wọ́n ń bèèrè ìlọ́po owó tó ń san fún wa. Màámi fún un ní 150,000 náírà pé kó fi ṣe àfikún. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí ló dé, ṣebí a ti fún un ní ìwé bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, a ti fún un. Ṣùgbọ́n àwa náà ti mọ bó ṣe ń rí láti máa wá ilé pẹ̀lú ọjọ́ lọ́rùn, ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ń lọ sílé ìwé ládùúgbò. Ó rí yàrá kan àti pálọ̀ ní Ayọ̀bọ̀, ó kó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù keje, ó gbálẹ̀, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ fún Màámi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹni méjì dúnàádúrà ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Oníṣòwò kan fẹ́ san mílíọ̀nù 39, owó ń bẹ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ilé ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀ méjì torí ó fẹ́ wó o, kó sì tún un kọ́. Ìkejì, tọkọtaya ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Abúlé Ẹ̀gbá ni wọ́n ń gbé, owó ilé wọn sì máa parí ní ìparí oṣù kẹwàá. Mílíọ̀nù 36 ààbọ̀ ni agbára wọn ká. Nígbà tí wọ́n wo ilé tán, ìyàwó yìí jókòó ti Màámi ní kíṣínì, ó ní, “Mà, níbo lẹ̀ ń kó lọ?” Láti oṣù kejì tí àwọn ènìyàn ti ń wọlé wá wo ilé, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè.

Ọ̀rọ̀ wá bọ́ síbi tó yẹ. A kò ní láti fi ọjọ́ tiwa pa mọ́ fún wọn, àwọn náà kò sì fi tiwọn pa mọ́. Wọn kò nílò ilé kó tó di oṣù kẹwàá, àwa náà sì nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láti wá ilé tí omi kò ní wọ̀.

Ìjà díẹ̀ wáyé láàárín àwa ọmọ. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ kì í ṣe owó tí ènìyàn ń dà nù lọ́dún tí ọjà ń gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Màámi gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní, “Ẹni tó fún mi ní mílíọ̀nù 39, tó ní kí n jáde lọ́sẹ̀ méjì, ìta ló ní kí n lọ sùn. Ta ló máa gbà mí sílé lọ́sẹ̀ méjì?” Mo fara mọ́ wọn nígbà náà, mo ṣì fara mọ́ wọn. A ti fi 400,000 kọ́ ohun tí ìkánjú ń ṣe, nígbà tí oṣù bíi mélòó kan ṣì wà níwájú wa. Ká tún wá fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ilé fún àgbàlagbà nínú òjò? A kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, àwa àti tọkọtaya náà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà nírú ipò yìí wò dáadáa, torí inú ìwé yẹn ni ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá di ọ̀kan. Wọ́n san ìdajì lọ́jọ́ náà, mílíọ̀nù 18 àti 250,000. Ìdajì yòókù di ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, ọjọ́ kan náà tí Màámi yóò fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Bí a kò bá jáde lọ́jọ́ náà, a ó san 20,000 náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lé e. Bí owó tiwọn kò bá pé, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, lẹ́yìn náà ilé padà sọ́wọ́ wa, a ó sì dá owó wọn padà lẹ́yìn tí a bá yọ ohun tí a kọ síbẹ̀. Lọ́yà tiwọn gba ẹ̀dà ìwé ilé, ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba Èkó ní Aláùsá kó tó jẹ́ kí wọ́n sanwó. Ojúlówó ìwé wà lọ́dọ̀ lọ́yà tiwa títí owó fi pé.

Ohun kan wà tí n kò bá tí ronú kàn bí lọ́yà kò bá sọ ọ́. Lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ẹni tó bá ra ilé tó ní C of O ṣì gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò fún un sì ń bèèrè ìbuwọ́lùwé ẹni tó tà á. Lọ́yà ní kí Màámi buwọ́ lu gbogbo ohun tó bá yẹ, kí wọ́n ya pásípọ́ọ̀tù, kí wọ́n tó kúrò ní Èkó, kó má di pé wọ́n á máa pè wọ́n láti Ìbàdàn wá fọwọ́ síwèé.

Owó ìdajì yẹn ló wá jẹ́ kí a lè fi ara balẹ̀ wá ilé. Ojú irin ni èmi àti Màámi ń gbà. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń gbé èrò, a lè wọ̀ ọ́ ní Àgége láàárọ̀ ká sọ̀ ní Mọ́níyà, orúnkún wọn kì í sì í ro wọ́n bíi ti inú bọ́ọ̀sì. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò ń rọ̀, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni a sì mọ̀ọ́mọ̀ ń lọ. Mo ń wo ìsàlẹ̀ ògiri. Màámi ń wo kànga, wọ́n á ní kí wọ́n fa omi kí àwọn rí àwọ̀ rẹ̀. Mo ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà bóyá omi máa ń dí ọ̀nà, torí éjẹ́ǹtì kò ní sọ ọ́. A ń bèèrè gbèsè orí mítà iná pẹ̀lú. Ilé kan wà tó wù wá gidi, gbèsè tó wà lórí mítà rẹ̀ sì lé ní 200,000.

Ilé karùn-ún ni a gbà, ní Àkóbọ̀, ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn. Onílé kọ́kọ́ ń kọminú. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Ta ni yóò máa san owó ilé lọ́dọọdún? Màmá ti fẹ̀yìn tì.” Màámi kò dúró de èsì mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi jẹ́ onílé. Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi ṣe onídùúró, ṣùgbọ́n èmi ni kẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ owó.” Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Owó ilé jẹ́ 650,000, pẹ̀lú ti éjẹ́ǹtì, ti àgíríméǹtì àti kọ́ṣọ̀n, ó jẹ́ 830,000. Ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ni a san án, ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ kí ọdún ilé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, torí òun náà ṣì ń tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Ó gbà, a sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Nípa bẹ́ẹ̀, ilé méjì wà lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ 25. Bí ènìyàn bá ṣírò rẹ̀, oṣù kan ilé Àkóbọ̀ jẹ́ nǹkan bí 54,000 náírà. Owó tí mo san tí inú mi dùn sí jù lọ́dún yẹn nìyẹn. Ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ ẹrù lọ, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, fíríjì, ọlọ Màámi àti dúrọ́ọ̀mù omi méjì. Màmá Àkóbọ̀ ti gbọ́nlẹ̀ dè wá. Ìyókù ọ̀sẹ̀ méjì, Màámi ń sùn lórí mátíráàsì ní pálọ̀ Ìpájà, wọ́n ń fún àwọn aládùúgbò ní ìkòkò àti agbada, wọ́n ń kí àwọn ìjọ pé ó dàbọ̀. Kò sẹ́ni tó lé wọn.

Owó tó kù lẹ́yìn tí a san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún éjẹ́ǹtì, a kò jẹ́ kó jókòó lásán. A fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ra ìwé gbèsè ìjọba, tí èlé rẹ̀ lé ní ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún nígbà náà. Ọ̀wọ́n gógó ọjà ju ìyẹn lọ, a mọ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi jáwọ́ nínú wíwá ilẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀ tó ti ṣófo, lórí àga oníke tí aládùúgbò yá wa. Lọ́yà méjèèjì wà níbẹ̀. Ọkọ fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nítorí báǹkì rẹ̀ kò jẹ́ kó fi gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù Màámi dún ní ìgbà mẹ́ta, ìkẹrin kò dé. A dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ líle. Ìyàwó ń gbá ọwọ́ Màámi mú. Ìgbà tí ìkẹrin dún, lọ́yà wa kó ìwé fún tiwọn, Màámi sì mú kọ́kọ́rọ́ jáde láti inú báàgì. Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n ti fi òwú so ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan: pupa fún gééètì, funfun fún iwájú, àwọ̀ ewé fún míní fúláàtì, àwọn yòókù fún yàrá. Dúdú ni ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n mú ìyàwó yẹn lọ síbẹ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, wọ́n di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú.

“Òjò ti wú igi rẹ̀,” wọ́n ní. “Ẹ gbé e sókè díẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ tó yí i. Bẹ́ ẹ bá fi agbára yí i, ó máa ṣẹ́ sínú.”

Ìyàwó gbé e sókè, ó yí i. Ó ṣí.